Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Orúkọ Mi ní Rédíò

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sókè òkun, kó lọ sókè òkun. Èmi kúrò ní Ṣakí, mo lọ sí Tchaourou lódìkejì ibodè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Kò sí òkun kankan láàárín ìlú méjèèjì. Igbó kajú ló wà níbẹ̀, màlúù wà níbẹ̀, ọlọ́pàá ibodè kan tó ń sùn lábẹ́ igi náà wà níbẹ̀. Àwọn tí a jọ jáde ilé ìwé ń fi fọ́tò yìnyín ránṣẹ́ láti Kánádà. Èmi ya òkìtì iṣu, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé mo ti padà sóko bàbá mi ni. Mo ní rárá o, ilẹ̀ Faransé nìyí.

Bí màmá mi náà ṣe ń sọ ọ́ káàkiri àdúgbò nìyẹn. Ọmọ òun wà nílẹ̀ Faransé, rédíò ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ máa rò pé èmi ni mò ń ka ìròyìn. Iṣẹ́ mi ò ju kí n máa ṣọ́ ẹ̀rọ kan tó ń sọ ohun tí ẹlòmíì ti sọ sílẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé ìwé ló gbé mi débẹ̀: tí ẹ bá gbé èsì ìdánwò mi sójú oòrùn, F lẹ máa rí níwájú, F lẹ máa rí lẹ́yìn. Yorùbá nìkan ni mo yege, mo sì gbé e lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń fi Faransé ná ọjà. Ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe ni mo ti mọ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ti gbó débi pé Wíńdòsì ò lè dúró lórí rẹ̀ mọ́, Línúùsì ló kù tó ń tì í rìn. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé rédíò kékeré kan ní Tchaourou ń wá ẹni tó mọ Línúùsì, mo ní èmi rèé. Ó jọ pé kò sí ẹlòmíì tó dáhùn.

Èdè ló kọ́kọ́ gbá mi létí. Mo ti rò ó pé Nàgó tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni Yorùbá, Yorùbá ni Nàgó, kí ló tún kù? Ọ̀gá rédíò náà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní tonton Gàfárù bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, jáde sí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní: "Bon, káàbọ̀. Wọ́n ti coupé courant láti àárọ̀, donc machine ò marche. O comprends?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. "Láti àárọ̀" nìkan ni mo comprends níbẹ̀. Mo dúró, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tí wọ́n gbé fún àlejò, títí ó fi na ìka sí gílóòbù òkè. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé iná ló lọ.

Kò sẹ́ni tó bi mí lórúkọ. Tonton Gàfárù ń pè mí ní petit, ìyẹn ọmọ kékeré. Tata Eulalie, ìyá kan tó ń ka ìkéde òkú ní Nàgó, ń pè mí ní stagiaire, ìyẹn ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Orou, ọmọ Bàríbá tó ń fi alùpùpù zém gbé èrò níwájú ọgbà wa, ń pè mí ní Naija. Ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà ń pè mí ní Ṣakí, bíi pé èmi nìkan ni mò ń gbé ìlú náà. Nílé wa, ìyàwó tuntun ni kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹni tó bá wọlé tó bá ọmọ nílé, òun ni yóò wá orúkọ fún un: Ìbàdíàrán, Akọ̀wé, Eyínfúnjowó. Èmi ni mo wọlé bá wọn ní Tchaourou, ó yẹ kó jẹ́ pé èmi ni màá fún wọn lórúkọ. Wọ́n yí i padà mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń dúró níwájú dígí, màá pe ara mi lórúkọ ní kíkún, ti bàbá mi lẹ́yìn rẹ̀, kí ahọ́n mi má gbàgbé. Ẹni tó bá rí mi níbẹ̀ á mọ̀ pé àárẹ̀ ti mú mi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá ń fẹ́ ní ìlú yẹn. Tí ètò bá fẹ́ parí lójoojúmọ́, tata Eulalie á ka orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́. Á pe tirẹ̀, á pe ti ọ̀gá, tó bá wá kan ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ, á ní: "À la technique, le stagiaire." Mo fẹ́ kó pe orúkọ mi níbẹ̀. Tonton ti ṣèlérí pé ó ń bọ̀. Mo sì ti ṣèlérí fún màmá mi. Gbogbo ìgbà tó bá pè mí ló máa ń béèrè pé ṣé wọ́n ti pè é. Mo ní ó kù díẹ̀, Màámi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣe, torí pé orí rẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Dísìkì méjì la so mọ́ ọn níta. Funfun ni ti ìkéde tí a ó gbé jáde lónìí. Dúdú ni ti ìkéde àtijọ́. Tí a bá ti lo ìkéde kan tán lórí funfun, èmi ni màá kó o sórí dúdú. Ọjọ́ àti oṣù ni wọ́n fi ń pe fáìlì kọ̀ọ̀kan, wọn kì í kọ ọdún mọ́ ọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nínú Línúùsì, gbogbo dísìkì tí o bá so mọ́ ẹ̀rọ ló ní fáìlì kan tó dúró fún un nínú fódà tí wọ́n ń pè ní /dev. Fáìlì yẹn ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ti inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń jẹ́ sda. Nínú àwọn tó wà níta, èyí tó bá kọ́kọ́ jí á gba sdb, èyí tó tẹ̀ lé e á gba sdc. Ilé olórogún ni: ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyáálé, a kì í wo ọjọ́ orí. Àmọ́ nílé tiwa, ìyáálé á jẹ́ ìyáálé títí tí yóò fi kú. Nínú ẹ̀rọ, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó bá dé, àwọn ìyàwó á tún jáde sí títì, wọ́n á tún wọlé bí ìyàwó tuntun, ẹni tó bá mọ eré sá ni ìyáálé ọjọ́ yẹn.

Ọkùnrin kan láti Parakou ló to ẹ̀rọ náà kí n tó dé. Nínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní fstab, níbi tí ẹ̀rọ ti ń kà á pé dísìkì wo ni kí òun gbé síbo, ó kọ ọ́ pé sdb ni ti ìkéde òní, sdc ni ti àtijọ́. Lọ́jọ́ tí funfun bá kọ́kọ́ jí, ó ti dáa. Lọ́jọ́ tí dúdú bá ṣíwájú, ìkéde èṣí á jókòó síbi tòní. Mo ti bá a bẹ́ẹ̀ rí láàárọ̀. Mo yọ méjèèjì kúrò, mo fi ọwọ́ ara mi gbé wọn padà síbi tó yẹ, mo sì lọ bá tonton. Mo pe dísìkì ní volume bí àwọn oníkọ̀ǹpútà ṣe ń pè é, mo ní volume méjèèjì máa ń gba ipò ara wọn. Tonton na ọwọ́, ó dín ohùn rédíò orí tábìlì rẹ̀ kù.

Mo tún ṣàlàyé. Mo ní dísìkì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àbísọ tí wọ́n kọ sí i lára, UUID, ó gùn, ó burú lẹ́nu, ṣùgbọ́n iná kankan ò lè pa á rẹ́. Tí mo bá tẹ blkid, ẹ̀rọ á kà á fún mi, màá sì fi í rọ́pò sdb nínú fstab. Tonton ní ọkùnrin Parakou yẹn ní ìwé ẹ̀rí, ṣé mo ní? Mo rántí F mi. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo sì ń fi ọwọ́ tún un ṣe láràárọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀rọ la máa ń fi ìkéde ọ̀sán sílẹ̀ fún, torí mọ́ṣáláṣí ni gbogbo wa wà, tonton kì í gbà kí Mùsùlùmí kankan ṣẹ́kù sẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀ yẹn, mo ti wo dísìkì méjèèjì, ipò wọn pé. Lèmọ́ọ̀mù ń wàásù lọ́wọ́ nígbà tí fáànù òkè dúró. Mo wò ó. Mo wà lórí ìforíkanlẹ̀ nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọlọ́run mọ ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀: mo ní kí ó jẹ́ kí funfun ṣíwájú.

Dúdú ló ṣíwájú.

Tata Eulalie, Kristẹni kan ṣoṣo tó wà láàárín wa, ló wà nílé iṣẹ́, ó ń jẹ iyán. Ohùn rẹ̀ ti èṣí jáde nínú rédíò, ó ń fi ìbànújẹ́ kéde pé Bàbá Súlè ti abúlé Goro ti lọ bá Ọlọ́run, wọn ó sin ín lẹ́yìn ìrun Alásárì lónìí, kí mọ̀lẹ́bí àti ará Alafiarou àti gbogbo agbègbè máa bọ̀. Ọdún kan géérégé ni Bàbá Súlè ti wà nínú ilẹ̀. Tata ò mọ ìyàtọ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kì í fetí sí ohùn ara òun, ó máa ń rí òun lára.

Orou ló sọ ìyókù fún wa, torí òun náà wà lára àwọn tó fi zém gbé aṣọ̀fọ̀ lọ sí Goro. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di ọwọ́ alùpùpù rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú. Yìgì ni wọ́n fẹ́ so nílé Bàbá Súlè lọ́jọ́ náà. Opó rẹ̀, Ìyá Mẹ́mùná, ti dúró kí ọdún ọkọ rẹ̀ pé, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i sọ, kó tó gbà fún àgbẹ̀ kan láti Alafiarou. Àwọn ààfáà ti jókòó. Ọbẹ̀ ti jinná. Ni àwọn tó ń sunkún bá ń dé, alùpùpù lẹ́yìn alùpùpù. Àwọn mìíràn ò tíì gbọ́ ikú yẹn rí, ẹkún tiwọn tutù bí ewé. Obìnrin kan ti ẹnu ọ̀nà ń yí nílẹ̀ wá, ó ń béèrè pé níbo ni wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Ọkọ ìyàwó dìde, ó wá bàtà rẹ̀. Orou ní ohun tó sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ọkùnrin tí kò gbà pé òun ti kú, mi ò ní sùn sórí ibùsùn rẹ̀." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá.

Ìyá Mẹ́mùná wá sí rédíò lọ́jọ́ kejì. Mo wà lábẹ́ tábìlì nídìí ẹ̀rọ, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Làálì yìgì ṣì pupa níbẹ̀. Tonton fún un ní àga, kò jókòó. Ó ní:

"Ẹ sin ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, èmi lẹ sin."

Kò pariwo rárá. Tonton mú un wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, mi ò gbọ́ ìyókù.

Mi ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo tẹ blkid, mo da orúkọ àbísọ dísìkì méjèèjì kọ, mo ṣí fstab, mo pa sdb rẹ́, mo pa sdc rẹ́, mo fi orúkọ gígùn wọn síbẹ̀. Mo wá pa iná ẹ̀rọ, mo tan án. Funfun wà níbi tirẹ̀. Mo gbé okùn wọn fún ara wọn, mo tún pa á, mo tún tan án. Funfun wà níbi tirẹ̀, dúdú wà níbi tirẹ̀, ẹni yòówù kó ṣíwájú wọlé. Mo jó lábẹ́ tábìlì, mo sì fi orí gbá a. Kókó rẹ̀ wà lórí mi fún ìgbà díẹ̀. Òun ni ẹ̀bùn tí mo gbà fún iṣẹ́ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni tata Eulalie wọlé wá bá mi. Ó ní: "Stagiaire, báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹ gan-an? Gbogbo ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí n ṣì í pè."

Ẹ wo ojú mi lọ́jọ́ yẹn, bí iṣu tó ta. Mo pè é fún un. Ó ní ti bàbá mi náà ńkọ́, mo pè é. Ó ní ìlú? Mo ní Ṣakí. Ó ń tún un sọ lẹ́yìn mi, mo ń sọ fún un ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi dùn lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe ń dùn lẹ́nu èmi alára lọ. Kò wo ojú mi. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún. Ó ní lọ́la, lẹ́yìn ìròyìn ọ̀sán.

Mo pe màmá mi. Mo ní Màámi, lọ́la. Ó pariwo, ó gbé fóònù fún aládùúgbò, aládùúgbò kí mi kú oríire. Rédíò wa ò dé Ṣakí, ṣùgbọ́n Bàbá Làti, oníṣòwò iṣu tó ń ná ọjà Tchaourou, wà lọ́nà tó ń bọ̀. Màmá mi ní òun ó sọ fún un kó bá òun gbọ́ ọ dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò dúró nídìí ẹ̀rọ. Ìwà ọ̀gbọ́n mi yẹn ni ẹ máa bá mi gbé yẹ̀ wò. Ọjà iṣu ni mo lọ, torí mo fẹ́ wà láàárín èrò nígbà tí wọ́n bá pè é, kí n rí ojú wọn. Rédíò ń ké níbi tí àwọn ọlọ́zém máa ń jókòó sí. Mo ra wàrà fún Orou. Mo ní kó fetí sílẹ̀, wọ́n fẹ́ pe orúkọ mi. Ó ní: "Naija, o ní orúkọ?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìròyìn parí. Ohùn tata Eulalie wọlé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ ka ìkéde òkú. Ó ní ilé iṣẹ́ yìí ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìdílé olóògbé ní Goro, lọ́wọ́ opó rẹ̀, lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó fi ẹkún rìn lásán. Ó ní àìbìkítà ẹnì kan ló fà á. Ó wá pe orúkọ mi. Ó pe ti bàbá mi. Ó pe Ṣakí. Kò ṣì í rárá, ohùn gòkè níbi tó yẹ kó ti gòkè, ó sọ̀ níbi tó yẹ kó ti sọ̀. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó dé Goro, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Orou jẹ wàrà ẹnu rẹ̀ tán kó tó yíjú sí mi. Ó ní: "Ìwọ nìyẹn?"

Mo ní rárá. Mo ní àwọn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ṣakí.

Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí Bàbá Làti nídìí iṣu rẹ̀. Ó ti rí mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń to iṣu tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Mo wọlé bá tonton Gàfárù. Mo ní tonton, ẹ mọ̀ pé èmi kọ́, mo sọ fún yín. Kò jiyàn. Kò tilẹ̀ bínú. Ó ní:

"Écoute, petit. Obìnrin yẹn ní a gbọ́dọ̀ pe ẹnì kan síta bí a ṣe pe ọkọ òun. Tí mo bá pe tèmi, mo ní àna ní Goro. Tí mo bá pe ti Eulalie, ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbéyàwó ní Alafiarou. Orúkọ tìẹ, kò sí ẹni tó máa pàdé rẹ̀ lọ́nà níbí. Kò dun ẹnikẹ́ni."

Mo dúró. Mo ń wá ibi tí irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò rí i. Ó wá rántí ìlérí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní voilà, láti òní lọ Eulalie lè máa pe orúkọ mi ní ìparí ètò, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Ẹ̀yin ará, mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa jẹ́ stagiaire lọ.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà wá. Tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo ń fọkàn sọ pé ọjọ́ tí ìlú yìí bá mọ orúkọ mi ni mo di ara wọn. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ìyá oníwàrà ò pè mí ní Ṣakí mọ́, ó ń pè mí lórúkọ, tó bá sì ti pè é tán, á bojú wo wàrà rẹ̀. Orou nìkan ló ṣì ń pè mí ní Naija. Mi ò mọ̀ bóyá àánú ni.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, mo kó àwọn ìkéde tí a ti lò lórí funfun sórí dúdú, torí iṣẹ́ mi ni. Ohun tí wọ́n kà nípa mi wà lára wọn. Mo kó òun náà.

Màmá mi pè ní ọ̀sán ọjọ́ tí Bàbá Làti padà dé Ṣakí. Mo jókòó sórí irin rélùwéè tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́, mo fi ọwọ́ bo etí kejì.

Ó ní: "Bàbá Làti ti dé o. Ó ní òun gbọ́ ọ ketekete. Orúkọ rẹ, orúkọ bàbá rẹ, Ṣakí wa. Ó ní ohùn obìnrin náà dùn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi, ohùn rẹ̀ dùn.

Ó ní òun bi Bàbá Làti pé kí ni wọ́n tún sọ, ó ní ọjà ń pariwo, ibi orúkọ nìkan ni òun mú. Mo wo ìsàlẹ̀. Ewéko ti hù láàárín irin méjèèjì.

Ó wá ní kí n bá òun gbé ohùn náà bọ̀ tí n bá ń bọ̀ wálé fún Iléyá, kí òun pe àwọn ènìyàn, kí wọ́n jọ gbọ́ ọ. Ó bi mí pé ṣé wọ́n tọ́jú rẹ̀, ṣé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún yẹn ò ní jẹ́ kó sọnù.

Mo ní: "Kò lè sọnù, Màámi. Èmi fúnra mi ni mo tún ibẹ̀ ṣe."